Ìdáhùn sí Ìyá Màríámù lórí Ikú Ọkọ Wọn ní Orí Òkè

Sí Ìyá Màríámù, àwọn ọmọ àti gbogbo ẹbí Olóògbé Mùstàfá Ràsáàkì, Ṣakí.

Ọkàn tó gbọgbẹ́ ni Ẹgbẹ́ Agunkè Ṣakí fi kọ ìwé yìí sí yín lórí ìpapòdà Bàbá Màríámù, ẹni tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ikú yìí dun ẹgbẹ́ wọ egungun.

Páàtì ọ̀kadà ni Bàbá Màríámù ń tà, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dá tí olú sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kì í gbélé. Òun ló kó nọ́ọ̀sì, tíṣà àti oníṣòwò jọ, tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pàgọ́ sórí àpáta, tí wọ́n ń wá olú àti oyin inú igbó. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da olú sínú ìkòkò láìjẹ́ pé gbogbo ẹgbẹ́ ti tú u sórí ẹní wò. Ebi pa Kàdírì, akọ̀wé ẹgbẹ́, lọ́jọ́ kan, ló bá da olú tirẹ̀ sínú ìkòkò láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó. Háà! Bàbá Màríámù gbé odindi ìkòkò ọbẹ̀ dà nù, gààrí ni gbogbo wọn mu sùn. Kàdírì kùn títí ó fi délé. Òun náà ló ń sọ ọ́ báyìí tó ń sunkún.

Lórí ìrìn, ẹ̀yìn ni Bàbá máa ń wà. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wúwo jù lọ, òun ni yóò máa tẹ̀ lé, yóò máa bá a ṣàwàdà títí wọn yóò fi dé ìsàlẹ̀. Kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lórí òkè rí.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè yín lọ́jọ́ ìsìnkú fi ká ẹgbẹ́ lára, Ìyá Màríámù. Àwọn ará ọ̀nà Tẹ̀dé rí àwọn kan tí wọ́n ń sáré bọ̀ láti orí òkè láìsí Bàbá, wọ́n sì ń sọ ọ́ kiri pé ẹgbẹ́ já a jù sílẹ̀. Ẹ bèèrè pé ta ló wà lọ́dọ̀ ọkọ yín, pé ta ló ka kálímà sí i létí. Ìdáhùn ẹgbẹ́ nìyí.

Ọkọ̀ ni àwọn tó sáré yẹn ń wá lọ. Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá, ó ní kí Nọ́ọ̀sì Florence máa lọ níwájú, pé òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Florence kọ̀ jálẹ̀. Ó jókòó, ó gbé orí Bàbá lé itan, ó ṣe gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì lè ṣe níbi tí kò ti sí oògùn. Samsudeen, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́, di ọwọ́ Bàbá mú. Bàbá bèèrè bóyá ó ku ẹnikẹ́ni lẹ́yìn. Florence ní kò kù, pé gbogbo wọn ti sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mí kanlẹ̀, ara rẹ̀ sì rọ̀. Samsudeen ka kálímà sí i létí, ètè Bàbá ń tẹ̀ lé e títí ó fi dákẹ́.

Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, Mùsùlùmí àti Kristẹni, ń bọ̀ fún àdúà ọjọ́ kẹjọ. Florence yóò sì máa yà, yóò máa wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín.

Kí Ọlọ́run Ọba forí jì í, kí Ó fi Àlìjánnà kẹ́ ẹ. Kí Ó tu gbogbo yín nínú. Ìyá Màríámù, kí Ó dá oorun yín padà, nítorí ọwọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ni ọkọ yín dákẹ́ sí.

Peter Akínyẹlé,
Alága, lórúkọ ẹgbẹ́.