Ọ̀pá Màmá Lábẹ́ Okùn Aṣọ

Bàbá Ṣògo,

Tí ẹ bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé láti éápọ́ọ̀tù, ẹ má pariwo pé ta ló da yúnífọ́ọ̀mù yín sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Èmi ni. Okùn rọ̀ lánàá, aṣọ ń wọ́lẹ̀, mo bá mú ọ̀pá tí Màmá fi ń rìn, mo fi gbé okùn ró. Mo ní n óò dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo gbàgbé.

Láàárọ̀ yìí ni Ṣògo gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá: kí ni "support", àwọn ọ̀rọ̀ wo ló tún jọ ọ́? Ẹ ṣáà mọ̀ mí, tíṣà. Mo ní "help" ni ìrànlọ́wọ́, "back" ni kí èèyàn dúró lẹ́yìn ẹni, "prop" ni ohun tí a fi ti nǹkan kó má baà wó. Bí mo ṣe sọ ìyẹn tán ni mo wo ojú fèrèsé, mo rí ọ̀pá.

Mo sáré fà á yọ, gbogbo aṣọ wálẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé yàrá, Màmá ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ìró wọn tutù rinrin. Ẹ mọ̀ pé wọn ò lè dìde láìsí ọ̀pá yẹn, síbẹ̀ wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, omi ló dà sí mi lára." Kò sí ife kankan nítòsí.

Mo ti wẹ̀ wọ́n. Ẹ̀kọ wọn wà nínú fúláàsì. Ẹ wá igi míì fún okùn, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n díẹ̀ kí ẹ tó sùn. Mi ò tíì bẹ̀ wọ́n. Ojú ń tì mí.

Tí wọ́n bá ní omi ló dà sí wọn lára, ẹ̀yin náà ẹ gbà pé omi ni.

Ìyá Ṣògo