Páálí Ọṣẹ Tó Ní Ojú Mi Lára

Nidia, ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù Bogotá, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run tó ń mú ọ la títì kọjá lójoojúmọ́, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í dúró de ẹnikẹ́ni, kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Màríà Mímọ́ yóò máa fi aṣọ rẹ̀ bò ọ́. Bí o bá béèrè wa, àlàáfíà ni a wà ní Loma Fría, tàbí kí n sọ pé mo rò pé àlàáfíà ni, nítorí ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ kí o sọ fún mi bóyá àlàáfíà ni mo wà.

Màlúù wa bí abo ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá. Yìnyín já lu pòtétò tó wà lápá odò, ṣùgbọ́n tòkè kò fara gbá nǹkan kan. Adìyẹ tí o sọ lórúkọ ọ̀gá rẹ lórí fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé, àmọ́ ó ń jẹ ẹyin ara rẹ̀. Ikọ́ mi ti dín kù.

Wàyí o, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà wa, ó gbé ẹrù tí o fi ránṣẹ́ lé mi lọ́wọ́. Rosalba, ìyá ìrìbọmi rẹ, wà lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ó wá tọrọ iyọ̀, ìwọ náà sì mọ̀ pé ẹrù kì í wọ ilé wa kí Rosalba má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. A fi ọ̀bẹ já okùn rẹ̀. Páálí kéékèèké méjìlá ló wà níbẹ̀, Nidia, ojú mi ló sì wà lára gbogbo wọn. Àkẹtẹ̀ mi, irùngbọ̀n mi, aṣọ ìbora ruana mi tó ti ya léjìká, gbogbo rẹ̀ pé. O fi òdòdó pòtétò yí mi ká, gẹ́gẹ́ bí o ṣe fi yí ìyá rẹ ká lára káàdì tí o yà nígbà tó kú. Rosalba fa àkẹtẹ̀ náà sókè, ó ṣí, ọṣẹ ló wà nínú orí mi.

Lábẹ́ irùngbọ̀n mi, o kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀kan ṣoṣo yìí ló wà, bí ó bá tán, kò ní sí òmíràn mọ́. Lẹ́yìn, o kọ ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, o kọ pé bí mo bá ti parí, kí wọ́n bò mí mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa bomi rin mí, pé n ó tún jí dìde.

Rosalba ya àmì àgbélébùú sí ara rẹ̀. Ó ní, Arcadio, kí ni dókítà wí gan-an. Mo ní kò wí nǹkan kan. Ó ní, ìwọ ni kò wí i fún.

Ìwọ náà ṣáà mọ̀ pé níbí, a kì í tẹ ojú ènìyàn sórí páálí kí a sì máa pín in kiri bí kò bá ṣe pé onítọ̀hún ti lọ. Fọ́tò ìgbéyàwó èmi àti ìyá rẹ gan-an, méjì péré ni. Ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejìlá, òdòdó yí i ká, ọjọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ àjíǹde wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí la tún fẹ́ pè é? Èmi ì bá má tilẹ̀ dá Rosalba lóhùn, ṣùgbọ́n mo wo fọ́tò náà dáadáa, mo rí i pé èyí tí o yà mí lẹ́nu géètì ọsíbítù Bogotá ní oṣù kẹfà ni, lẹ́yìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo àyà mi. Mo bi ọ́ lọ́jọ́ náà pé kí ni wọ́n rí. O ní Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, o wá ní kí n gbórí sókè díẹ̀, kí n rẹ́rìn-ín músẹ́. Ta ní ń ya baba rẹ̀ ní fọ́tò lẹ́nu géètì ọsíbítù? Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo to páálí méjìlá náà sórí tábìlì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá sì jókòó, à ń wo ara wa.

Kí n tó fún wàrà tán lọ́jọ́ náà, Rosalba ti sọ fún gbogbo òkè. Ó ní àwọn ọmọ tó wà ní ìlú ńlá máa ń ṣe páálí òkú sílẹ̀ ni, torí wọn kì í ráyè lẹ́nu iṣẹ́, kò sì yẹ kí àwa tá a wà nílé jẹ́ kó bá wa lójijì. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án fún ọkàn mi nìyẹn, nínú ilé mi, lórí àga mi. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú páálí náà sáàárín àbẹ́là méjì. Èmi náà jókòó sẹ́yìn, bí wọ́n bá sì ní kí Ọlọ́run fún Arcadio ní ìsinmi, mo ń ṣe àmín, nítorí kò dára kí onílé dákẹ́. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Wọ́n mu kọfí mi tán, wọ́n sì fá ṣúgà panela mi dé ìsàlẹ̀ àpótí. Belarmino aládùúgbò wa gbé ṣọ́bìrì tó yá lọ́wọ́ mi lọ́dún méje sẹ́yìn wá, ó fi í ti tábìlì, ó ní Arcadio, má bínú. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo wà. Mo ní kò burú. Ó ní èmi kọ́ ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ keje ni tíṣà Otilia gun òkè wá. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ojú wa kò ká. Ó ní ọṣẹ ìfọ-abọ́ ni, irú èyí tí kì í ba omi odò jẹ́. Ó ní ìwọ àti àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ po hóró òdòdó mọ́ páálí rẹ̀ kí ó má baà di ìdọ̀tí, pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta péré lẹ ṣe kí àwọn ènìyàn lè máa dù ú, ọjọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ ó sì tà á dé. Ó ní iṣẹ́ rẹ ni láti ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ó lè pa àwọn tó ń rà á lẹ́rìn-ín. Rosalba wo inú ilé yí ká, ó ní ta ló wá ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí tíṣà ṣàlàyé tán, ọ̀rọ̀ náà wá rú mi lójú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òkú yé mi, ọṣẹ ni kò yé mi. Kí ló dé tó fi jẹ́ ojú èmi tí n kò fọ abọ́ kan rí títí ìyá rẹ fi kú? Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ènìyàn tí n kò mọ̀ rí ń ṣí àkẹtẹ̀ lórí mi, èmi tí n kì í ṣí i bí kò ṣe fún Ọlọ́run àti òkú. Àti pé ṣé dandan ni kí àwọn ará Bogotá ra nǹkan kí wọ́n tó mọ̀ pé a kì í ju páálí nù?

Tíṣà wá yọ ọṣẹ kúrò, ó ka ohun tó wà ní ìdí páálí náà nínú lọ́hùn-ún. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá mi kò ju nǹkan kan nù rí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Nidia, mo sunkún níwájú àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ mi. Rosalba ní ó dáa, ó ti tó àsìkò.

Wọ́n ṣe àdúrà náà dé ọjọ́ kẹsàn-án, torí Rosalba ní a kì í fi irú rẹ̀ sílẹ̀ láàárín méjì, pé èyí tó kù yóò wúlò fún mi bó bá yá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fi ọṣẹ rẹ fọ gbogbo abọ́ tí wọ́n fi jẹun òkú mi, ó sì hó dáadáa. Mo mú páálí rẹ̀ lọ sí ibojì ìyá rẹ, mo fi ṣọ́bìrì mi gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì bò ó mọ́lẹ̀ bí o ṣe wí, mo dojú mi kọ òkè. Àràárọ̀ ni mò ń lọ bomi rin ín. Àná ni mo rí ewé tín-ín-tìn-ìn-tín méje tó yọ lọ́gangan irùngbọ̀n mi.

Jọ̀wọ́, fi owó kọfí àti panela rán dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì sí mi, nítorí òkú mi ti jẹ ilé yìí run. Má fi í sínú fóònù. Èyí tí o ní o fi sínú rẹ̀ lóṣù tó kọjá, mo gbọn fóònù náà títí, n kò gbọ́ kí nǹkan kan dún níbẹ̀. Rosalba ní kí o bá òun náà ṣe tòun sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí o lo fọ́tò ìgbà tí eyín òun ṣì pé.

Ṣùgbọ́n tíṣà kò rí ọ̀rọ̀ ọsíbítù kà lára páálí náà, òun sì ni mo ń wá. Ó ní àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni òdòdó náà yóò fi tanná. Mo kà á, ó bọ́ sí òpin oṣù kọkànlá. Ọdún mẹ́rin rèé tí o ti wálé gbẹ̀yìn, ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ. Wá lọ́jọ́ náà. Bí dókítà bá wí nǹkan, iwájú ìyá rẹ ni kí o ti sọ ọ́ fún mi, n ó ṣí àkẹtẹ̀ mi, n ó sì gbọ́. Bí kò bá wí nǹkan kan, n ó dé e padà, a ó sì jọ wálé wá mu kọfí.

Ọwọ́ rẹ tó ń yàwòrán kò ní gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ yóò máa ta ju bí o ṣe rò lọ, ẹni tí yóò bá ọ jókòó jẹun nírọ̀lẹ́ kò sì ní wọ́n ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ṣì wà,
Arcadio Tibaduiza.

Mo gbàgbé. Ohun tí o kọ sábẹ́ irùngbọ̀n mi yẹn, òótọ́ ni. Ọ̀kan ṣoṣo yìí ló wà. Bí ó bá tán, kò ní sí òmíràn mọ́.