Gìtá Inú Yàrá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Akéde ti pa mí. Ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí, torí ọ̀rọ̀ kì í sùn sí i lẹ́nu. Ó fi orin gìtá mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi lórí fóònù. Èyí tí mo ta nínú yàrá wa, tí mo ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́! Ọ̀gá mi, dókítà eyín, ẹni tí mò ń pè ní Fàáyọ nítorí pé ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọ fún gbogbo aláìsàn nìyẹn, kò ṣe méjì: ó tan orin náà fún àwọn tó jókòó tí wọ́n ń dúró de ìtọ́jú. Mo wà nínú yàrá ẹ̀yìn, mò ń fi ìda to eyín àtọwọ́dá ìyá àgbà kan. Mo gbọ́ ọwọ́ ara mi láti ìta. Eyín bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá tó ni eyín náà gan-an ló bèèrè pé ta ló ń ta gìtá yìí. Fàáyọ nawọ́ sí ilẹ̀kùn mi. Ìyá náà wọlé tọ̀ mí, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ ra ẹja. Olórin ni wọ́n. Wọ́n ti ń kọrin kí wọ́n tó bí mi. Nǹkan kan hù sí wọn lọ́fun. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni iṣẹ́ abẹ, àwọn dókítà ò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohùn yóò ṣẹ́ kù. Wọ́n fẹ́ kọrin lójú èèyàn lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó di ọjọ́ náà. Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé ti fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kejìlélógún. Onígìtá wọn ti kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní ìlú míì.

"Ọwọ́ yìí ni mo fẹ́," ni wọ́n wí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Fàáyọ yọjú: "Kí ló kù tó fẹ́ rò? Ó ti gbà, Mà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ níbi tí kò ní etí. Orin tí wọ́n gbọ́ yẹn, n kò ta á tán lẹ́ẹ̀kan. Ọmọbìnrin mi — Adájọ́, torí kò sí ohun tí kì í dájọ́ lé lórí — ló gé e, tó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Àárín rẹ̀: ọjọ́ mìíràn, lẹ́yìn tí mo ti bú ìka mi tán. Ìparí rẹ̀: ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí mo ṣe ń to eyín náà ni. Ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí a fá a, kí a dán an, títí yóò fi dà bíi pé ẹnu ló ti hù.

N kò tíì ta orin kan rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀. Nínú yàrá, kò séwu. Bí mo bá ṣì í, mo padà. Ibùsùn kì í rojọ́. Lójú èrò, ibo ni èèyàn ń padà sí?

Ọjọ́rú, 5

Mi ò ṣe. Mo fẹ́ lọ sọ fún wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo lọ láti sọ pé mi ò ṣe. Mo ti ní màá ṣe é kí n tó kúrò níbẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé. Yàrá kan, àga méjì, fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Mo pinnu láti máa pè wọ́n ní Màmá Olóhùn. Wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀ nítorí òkè ẹnu tí kò léyín. Mo jẹ́wọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì: Mà, àbùlẹ̀ ni orin yẹn, ọmọ mi ló rán an pọ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá ẹ̀rín náà dúró. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni kò lábùlẹ̀? Ìwọ náà kọ́ lò ń mọ eyín fún mi yìí?"

Wọ́n wá kọrin. Orin tí wọ́n fúnra wọn dá sílẹ̀ nígbà tí àkọ́bí wọn kì í sùn. Láìléyín. Ohùn náà dà bí ìkòkò tó sán tó ṣì ń gbomi dúró. Ta ló máa gbọ́ èyí tán tí yóò ní òun ò ṣe?

Lórí àtẹ̀gùn, mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré kì í pa èèyàn.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Ẹ̀ẹ̀kan péré lè pa èèyàn.

Akéde ní ojú èrò ni kò tíì mọ́ mi lára. Ó pe àwọn ará ilé wa mẹ́ta jọ sí pálọ̀: télọ̀ ìsàlẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àti bàbá tó ń tún aago ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta orin náà nínú yàrá ni, ó ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Gìtá kan náà, ìka kan náà. Mo dé pálọ̀, ìka di igi. Òógùn bo ọrùn gìtá. Kọ́ọ̀dù tí mo mọ̀ bí orúkọ mi, mo ń wá a kiri bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù. Télọ̀ ń mi orí bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Bàbá oníago ní ó dáa, ó dáa gan-an ni — aago ọwọ́ rẹ̀ ló sì ń wò.

Adájọ́ dájọ́ nígbà tí wọ́n lọ tán: "Mọ́mì, gìtá lẹ̀ ń ta ní yàrá. Ní pálọ̀, àforíjì lẹ̀ ń tọrọ."

Ọjọ́rú, 12

Eyín Màmá Olóhùn wọ ẹnu wọn lónìí. Ó gún régé. Wọ́n wo dígí, wọ́n ní àwọn ti di ọmọge padà. Àmọ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ orin, ohun gbogbo tó bá ní "s" nínú ń di súfèé. Fàáyọ sá lọ rẹ́rìn-ín ní ìta. Mo mú fáìlì kékeré, irin ìfá eyín, mo ń fá ẹ̀yìn eyín iwájú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọrin, mo fá. Wọ́n kọrin, mo fá. Súfèé lọ.

Ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n èèyàn pẹ̀lú irin mímú, ọwọ́ mi dúró gbọn-in. Kí ló wá dé tí ọwọ́ kan náà ń bẹ̀rù okùn gìtá?

A dánra wò lẹ́yìn tí a ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ́jú pa. Ìṣòro tuntun rèé: Màmá Olóhùn ń mí. Ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ti ń mí. Èmi tí mo ń dá nìkan ta á, èmi ni mo ni àkókò mi. Ní báyìí, mo gbọ́dọ̀ dúró de ẹ̀dọ̀fóró ẹlòmíràn. Mo ń sáré ṣáájú wọn. Wọ́n ní, "Rọra, ìyàwó. Kò sẹ́ni tó ń lé wa."

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Mo ń gbé àwo oúnjẹ mi padà sílé ìdáná láti àná. Akéde ní oúnjẹ ni. Kì í ṣe oúnjẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Ìjà. Mo gbọ́ pé Akéde ti sọ fún gbogbo ibi iṣẹ́ rẹ̀. Awakọ̀, asọ́bodè, obìnrin tó ń gbálẹ̀, gbogbo wọn ń bọ̀. Mo pariwo lé e lórí. Mo ní kò sí ohun tí mo ní fún ara mi nílé yìí tí kò ní gbé lọ sọ́jà. Mo ní gìtá yẹn ni ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń dá wà.

Ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó wá ní, "O ò dá wà rí. Mo máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Mo ní látìgbà wo?

Ó ní látìgbà tí a ti fẹ́ ara wa.

N kò mọ ohun tí mo máa fi èyí ṣe. Inú bí mi. Mo lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jókòó síbi tó ní òun máa ń jókòó. Ilẹ̀ tútù. Ẹ̀yìn ń dun èèyàn níbẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tí mo rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ àṣìṣe mi.

Ọjọ́bọ̀, 20

A lọ wo gbọ̀ngàn. Àga tò lọ bẹẹrẹ. Mo jókòó sórí pèpéle, mo fọwọ́ kan okùn — ohùn náà lọ, kò padà wá. Nílé, kọ́bọ́ọ̀dù àti ibùsùn máa ń dá a padà fún mi. Níbẹ̀, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń sọ òkò sínú kànga, tí kò sì gbọ́ kó balẹ̀. Ọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ ní kí n má ṣe ìyọnu, tí èrò bá kún, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ṣé èrò náà wá ni ìtùnú?

Màmá Olóhùn dán ohùn wọn wò. Lójijì, ohùn lọ pátápátá, wọ́n la ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi gbígbóná, wọ́n fi ọwọ́ sọ fún mi pé kí n má sọ fún ọmọ àwọn. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù mi ti di méjì. Bí mo bá bà á jẹ́, n kò ní lè tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ohùn tó ti lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Mo gé èékánná. Mo tún gé e. Kò sí ohun tó kù láti gé.

Ọjọ́ Àìkú, 23

N kò lè kọ ohunkóhun lánàá. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Yàrá tí wọ́n ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí ni a ti dúró. Aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni Màmá Olóhùn wọ̀. Eyín mi ń gbá ara wọn, èmi tí mò ń ṣe eyín. Wọ́n wò mí, wọ́n ní eyín àwọn ń mì díẹ̀, kí n bá àwọn wò ó. Mo fọ ọwọ́, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ lọ́tùn-ún lósì. Kò mì rárá. Nígbà tí mo fi máa yọ ìka mi, ọwọ́ mi ti dúró. Ìyá àgbà yìí gbọ́n.

A jáde. Èrò. Ọlọ́run mi, èrò! Orin kìíní lọ. Orin kejì, mo ṣì í níbi méjì, mo gbé e mì. Orin kẹta ni orin àkọ́bí wọn. A dé àárín rẹ̀, ìka mi tó kéré jù yọ̀. Mo gbójú sókè, ohun tí kò yẹ kí n ṣe, mo rí Fàáyọ níwájú, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ fò lọ. Gìtá dákẹ́.

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Nílé, ǹ bá padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Màmá Olóhùn kò wẹ̀yìn. Wọn ò tilẹ̀ yí ọrùn. Wọ́n ń kọrin lọ, àwọn nìkan, nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn, kò sí ohun tó gbé ohùn wọn dúró bí kò ṣe ohùn náà fúnra rẹ̀. Èmi, pẹ̀lú gìtá lórí itan, ni mo wá gbọ́ wọn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. N kò ka kọ́ọ̀dù. Mo kàn ń gbọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n fa èémí, mo sì mọ ibi tí wọ́n fẹ́ gbà.

N kò padà. Mo lọ bá wọn níwájú.

Nígbà tó parí, ariwo. Àwọn èèyàn dìde. Ọmọ wọn ọkùnrin, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun tí wọ́n fi orin yẹn rẹ̀ sùn, fi aṣọ ìnujú rẹ̀ bo ojú. Obìnrin kan di mí mú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ibi tí a ti mú kí gìtá dákẹ́ yẹn, ọgbọ́n ńlá ni. Mo ní ẹ ṣeun.

Akéde kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Àmì ńlá.

Adájọ́ ti gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ ṣì í níbi mẹ́rin, Mọ́mì. Mi ò ní gé ọ̀kankan."

Ọjọ́bọ̀, 27

Wọ́n gbé Màmá Olóhùn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n yọ eyín wọn fún mi mú dání. Mo fi aṣọ wé e, mo jókòó.

Wọ́n ti jáde. Wọ́n ń mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ojú ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Èmi náà ò fọwọ́ kan gìtá. Yóò dà bí ẹni tó ń jẹun níwájú aláàwẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Màmá Olóhùn pè mí lórí fóònù láàárọ̀. Mo rò pé ọkùnrin ni. Mo ní, "Ta ni, sà?"

"Sà ni bàbá ẹ," ni wọ́n fèsì.

Mo gbé gìtá kọ́ èjìká, mo sáré lọ. Ohùn wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn tó lọ ló bọ̀. Ó ti jìn wálẹ̀, ó nípọn, ó ń ha díẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń fa àpótí lórí símẹ́ńtì. Wọ́n gbìyànjú ìlà kìíní orin àkọ́bí níbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀, kò débẹ̀. Wọ́n gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Mo wo ògiri tó wà níwájú fèrèsé. N kò fẹ́ rí ojú wọn.

Wọ́n ní, "Èmi ò lè gòkè tọ̀ ọ́ mọ́. Ṣé o lè sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi?"

Mo dẹ okùn gìtá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí ohùn wọn fi wálẹ̀. Mo ta á. Ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò, ìka mi ò mọ ibì kankan. Wọ́n kọrin. Láti ìsàlẹ̀. Orin náà ni, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ọmọ tí wọ́n ń rẹ̀ ti dàgbà, ó ti mọ ohun tó ń mú un sọkún.

Nígbà tí a ṣe tán, wọ́n ní ilé ìkàwé ti pe àwọn. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún. Wọ́n ní gbọ̀ngàn ńlá òkè ni lọ́tẹ̀ yìí, torí pé ti ìsàlẹ̀ kò gba èrò lọ́jọ́sí.

Ẹnu mi ti ní bẹ́ẹ̀ ni kí ọkàn mi tó débẹ̀.

Mo ti gbé àga síta fún Akéde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá sílẹ̀. N kò tíì mọ bí a ṣe ń ta orin kan ṣoṣo níbi ìsàlẹ̀ tí okùn wà báyìí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀.