Ọkọ Mi Kọ́ Ló Yọ Mí Nínú Odò

Ẹ̀yin ará page yìí, ẹ má bi mí lórúkọ o. Ọkọ mi kọ́ ló yọ mí nínú odò. Ẹn-ẹ́n, mo ti sọ ọ́. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún ní gbogbo Maryland tá à ń gbé l'Amẹ́ríkà yìí, torí gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló ti gbọ́ pé òun ló yọ mí, wọ́n ti pàtẹ́wọ́, wọ́n ti jó sí i... Sunday tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa gbé máìkì fún èmi náà pé kí n wá jẹ́rìí.

Summer yìí ni ìgbéyàwó wa pé ogún ọdún, ọkọ mi wá ní ká lọ sí Jamaica, èmi, òun àti ọmọ wa obìnrin tó wà ní high school. Ẹni tí kì í gba vacation o! Accountant ni, deacon ni, iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló mọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin nínú mọ́tò lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tá a débẹ̀, ọmọ yìí ní òun fẹ́ ká lọ wa kayak lórí odò, ọkọ̀ pẹlẹbẹ kékeré tí èèyàn méjì ń jókòó sí, tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù. Guide tó mú wa lọ, Desmond lorúkọ ẹ̀, bèèrè pé ta ni kò lè lúwẹ̀ẹ́. Mo nawọ́ sókè kíá. Ọkọ mi, tí mo mọ̀ pé bathtub gan-an ń bà lẹ́rù, rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ odò lòun, pé ẹ̀yìnkùlé àwọn ní Ìbàdàn ni odò ń gbà kọjá. Yéè! Odò tí wọ́n ń da pàǹtí sí? Mo panu mọ́, mi ò lè fi ọkọ mi ṣẹ̀sín lójú èèyàn. Ó tún ní life jacket fún òun níkùn, ó tú gbogbo ìdè iwájú ẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ wa wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú Desmond níwájú, àwa méjèèjì wà lẹ́yìn. Níbi tí odò ti yà, ẹ̀ka igi kan tẹ̀ wá sílẹ̀, Desmond pariwo pé ká tẹrí ba, ká má dì í mú o. Ọkọ mi dì í mú. Bí ọkọ̀ ṣe dojú dé nìyẹn. Omi wọ imú mi, ó wọ etí mi, life jacket tèmi gbé mi sókè, mo rí ojú ọ̀run, mo fẹ́ mí báyìí... ni nǹkan bá já lé mi léjìká, ó tẹ̀ mí wọlẹ̀ padà. Ọkọ mi ni! Life jacket tiẹ̀ ti bọ́ lọ́rùn ẹ̀. Ó gùn mí. Bí mo ṣe ń wá ọ̀nà jáde ló ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, mo ń ta ẹsẹ̀, mo ń pe Jésù nínú omi, mo ti gbà pé ó ti parí. Desmond ló bẹ́ sódò, òun ló já ọwọ́ ọkọ mi kúrò lára mi, tó fà mí sókè. Ẹ sì wá wò ó, nígbà tí Desmond nàró, omi yẹn ò ju àyà ẹ̀ lọ.

Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò bínú nítorí ìyẹn. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í mọ ohun tó ń dì mú. Ká ní ó sọ pé má bínú, ẹ̀rù ló bà mí, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò sọ ọ́ ní hotel, kò sọ ọ́ nínú plane. Sunday tá a dé, wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí bọ́ síwájú, mo kàn rí i tó dìde. Mo rò pé á kàn dúpẹ́ pé a lọ, a bọ̀ ni. Ó gba máìkì, ó ní odò tí kò nísàlẹ̀ fẹ́ gbé ìyàwó òun lọ, pé Ẹ̀mí Mímọ́ ní kí òun bẹ́ sí i, pé òun fi apá kan gbé mi, òun ń fi apá kejì lúwẹ̀ẹ́... Ṣọ́ọ̀ṣì dìde! Pásítọ̀ ní kí àwọn ọkọ yòókù wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, ó ní láìpẹ́ èmi náà á wá jẹ́rìí tèmi. Àwọn obìnrin ń dì mọ́ mi. Èmi náà... mo ń pariwo Hallelujah. Kí ni ǹ bá ṣe? Ṣé kí n já máìkì gbà lọ́wọ́ ọkọ mi ni?

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu báyìí. Màmá ẹ̀ pè láti Ìbàdàn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní ṣé mo rí i pé ọmọ tí àwọn bí ò jẹ́ kí n kú sílẹ̀ àjèjì, mo ní ẹ ṣé Mà, mo kúnlẹ̀ tòun ti fóònù lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí ọkọ mi bá tún un sọ ni odò yẹn ń jìn sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀nì ti wà nínú ẹ̀! Ó ń fọ mọ́tò fún mi, ó ń di oúnjẹ ọ̀sán fún mi, nǹkan tí kò ṣe rí, ṣùgbọ́n tí mo bá ti ń pààrọ̀ aṣọ, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí ojú ibi tí ìka ẹ̀ ti dì mí léjìká ṣì dúdú. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló ṣẹlẹ̀ lódò yẹn gan-an? Ó ní ṣé mo fẹ́ dójú ti òun ni. Mo ní rárá.

Ọmọ mi wá ńkọ́, tó rí gbogbo ẹ̀? Sunday tí bàbá ẹ̀ jẹ́rìí yẹn náà ni, bá a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé wa ní Upper Marlboro. Ó wá bá mi ní kitchen, ó ní, "Mummy, so nobody is going to thank Desmond?" Mo ní ẹ̀rù ló ba Daddy. Ó ní òun ò bínú pé ẹ̀rù bà á, irọ́ yẹn ni. Choir ló wà, ẹ̀yìn mi gan-an ló máa dúró lọ́jọ́ náà. Ó ní tí mo bá sọ ọ́ bí Daddy ṣe sọ ọ́, òun á bọ́ aṣọ choir sílẹ̀ níbẹ̀, òun á jáde, òun ò sì ní padà wá. Ọmọ yìí kì í halẹ̀ o, tó bá ti sọ, á ṣe é.

Tí mo bá sọ òótọ́, ọkọ mi ò ní lè gbójú sókè láàárín èèyàn mọ́. Tí mo bá parọ́, iwájú pẹpẹ ni mo ti parọ́, ọmọ mi á sì lọ. Tí mo bá ní ara mi ò yá, wọ́n á kàn sún un sí Sunday kejì ni... Lánàá, ọkọ mi ra aṣọ tuntun fún mi, ó ní aṣọ yẹn ni kí n wọ̀ lọ jẹ́rìí. Mo wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí. Ọrùn ẹ̀ ga, apá ẹ̀ gùn, ó bo èjìká mi dáadáa. Ó ti rò ó kó tó rà á.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dúró níbẹ̀ nínú aṣọ yẹn, tí ọkọ yín ń wò yín níwájú, tí ọmọ yín ń wò yín lẹ́yìn, tí wọ́n wá gbé máìkì lé yín lọ́wọ́... kí lẹ máa sọ?