Ìlà Tó Ń Gòkè

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó gbé ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́. Kànga wó lù mí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n hú mi jáde láàyè. Síbẹ̀, kànga mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo fi ọwọ́ ara mi gbẹ́. Kí ni wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà lójú mi?

Èmi àti Ọ̀mọ̀wé, ọmọbìnrin mi, ti fẹnu kò. Bí omi kànga ẹ̀yìnkùlé bá ń lọ sílẹ̀, mo máa ti ilé pa, mo máa lọ bá a gbé. Bí kò bá lọ, kó jẹ́ n sinmi. Sọ́fítíwíà tó fi sínú kọ̀ǹpútà tó gbé fún mi ló máa ya gíráàfù, àwòrán onílà, òun ló máa dájọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi okùn wọn kànga yìí — gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Mo tẹ ìdajì wọlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo tẹ ìyókù. Mo ní kó yà á. Kò yà. Ojú funfun báláú.

Ọjọ́rú, 5
Mo pa á, mo tún un tàn. Bákan náà. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí — ta ni mo tún fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí? Orúkọ rẹ̀ ti di Alágídí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Kò yà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ọ̀mọ̀wé pè. Ó béèrè ojú kọ̀ǹpútà kejì tó so mọ́ ọn. Mo ní ọjọ́ tó kúrò lọ́dọ̀ mi ni mo ti pa á, tí mo kọjú rẹ̀ sí ògiri. Kí lẹnì kan ṣoṣo fẹ́ fi ojú méjì ṣe? Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní okùn rẹ̀ ṣì wà lára Alágídí, ibẹ̀ ló ń yàwòrán sí. Ọjọ́ mẹ́rin — ògiri ló ń yà á fún!

Mo tàn án. Ìlà pupa, ó ń gòkè bí àkàsọ̀. Mo ní omi ń pọ̀ sí i, ṣé o rí baba rẹ? Ó ní, “Ẹ kú oríire, Bàbá. Mi ò ní sọ̀rọ̀ kíkó yẹn mọ́.” Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo lọ wọn kànga bí ìṣe mi. Okùn lọ, ó lọ, kó tó kan omi. Ìgbà yẹn lojú mi là. Gígùn okùn ni mo kọ sínú ìwé, kì í ṣe omi. Bí ìlà bá gòkè, okùn ló ń gùn. Omi ń sá lọ. Àgbà agbẹ́kànga — mi ò mọ ohun tí ọwọ́ ara mi kọ.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Èmi nìkan ló mọ̀. Mo lè dákẹ́. Ilé náà ti ń bá mi dákẹ́ látàárọ̀.

Lọ́la, ọjọ́ Ajé, mo máa pe Ọ̀mọ̀wé, mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo máa bo ojú kànga náà fúnra mi. Bó bá di Ọjọ́bọ̀, kó wá mú mi. Kó gbé ọkọ̀ ńlá wá o. Baba rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rù kékeré.