Olúṣèyí Ògúndípẹ̀ àti Ọkọ̀ Akósójà: Ìgbésí Ayé Bàbá, 1957–2025

Ní Ìpakòdò, létí ọ̀sà Ìkòròdú, ni a ti bí Olóògbé Olúṣèyí Ògúndípẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1957. Pa Ezekiel Ògúndípẹ̀, tí ń kan ọkọ̀ ojú omi fún àwọn apẹja, ni bàbá wọn. Ìyá Àìná, tí ń ná ọjà Èjìnrìn, ni ìyá wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí a kò tíì kàn parí ni wọ́n ti kọ́ ìrìn.

Lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ìwé girama ní Ìkòròdú, Bàbá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí ní ọdún 1981.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1984, wọ́n fẹ́ Màmá, Wùnmí, olùkọ́ ní Ìmọ́tà. Ọlọ́run fi Fúnmbí, Bólúwatifẹ́ àti Bísọ́lá ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá kì í fi iṣẹ́ ṣeré, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é jù wọ́n lọ. Bí aládùúgbò bá gbé géètì tó dára sẹ́nu ọ̀nà, Bàbá kò ní sinmi títí wọn yóò fi rí àlèébù kan lára rẹ̀.

Ní ọdún 2013, ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú fi wọ́n ṣe ọ̀gá àwọn tí yóò ya àwòrán ọkọ̀ ogun onítáyà mẹ́fà, èyí tí yóò máa kó sójà lọ sójú ìjà láìjẹ́ kí ọta wọlé bá wọn. Bàbá fi irin tó nípọn ṣe ara rẹ̀, wọ́n fi ilẹ̀kùn gbòòrò sẹ́yìn kí àwọn sójà lè tètè bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kó má baà ga jù. Igbákejì wọn ni Alhaji Bísíríyù, ọmọ oníṣòwò ẹja ní Ẹ̀pẹ́, tí Bàbá fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ. Alhaji gbé àwòrán mìíràn kalẹ̀: ìsàlẹ̀ tó rí ṣóńṣó bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, kí agbára bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ lè pín sí ọ̀tún àti òsì. Alhaji tún ní kí a gbé àga àwọn sójà kọ́ láti òkè, kó má kan ilẹ̀ ọkọ̀.

Ìsàlẹ̀ ti Alhaji ni àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ náà mú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n mú nínú ti Bàbá. Ó dun Bàbá dé eegun. Ohun tó ń ta wọ́n lára jù ni pé àwọn, ọmọ ẹni tí ń kan ọkọ̀ ojú omi, ni wọ́n ya ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ, tí ọmọ oníṣòwò ẹja sì ya èyí tó jọ iṣẹ́ bàbá wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ dán ọkọ̀ náà wò nínú ẹrẹ̀ lọ́nà Ìmọ́tà, Bàbá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń retí kó dojú dé. Kò dojú dé. Bàbá padà sílé, wọn kò jẹun. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá yin ọkọ̀ náà lójú wọn, èsì kan náà ni yóò gbọ́: “Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni tèmi.”

Bólúwatifẹ́ ti wọ iṣẹ́ sójà nígbà náà. Ní ọdún 2019, ní ìhà àríwá ìlà oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà gun orí bọ́ǹbù pẹ̀lú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú. Táyà fò lọ, ọkọ̀ gbéra nílẹ̀, ó sì padà balẹ̀. Ẹnìkan kán lẹ́sẹ̀; gbogbo wọn ló jáde láàyè. Nígbà tí ìròyìn dé ilé, Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n sunkún ọpẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi Màmá bóyá ìsàlẹ̀ ló gba ọmọ náà là ni, àbí ilẹ̀kùn. Màmá ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ wẹ̀.

Owú náà kò lọ, ó kàn yíjú sí ibòmíràn ni. Bí Bólúwatifẹ́ bá ti gba ìsinmi, Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ ń lọ, láti kí Alhaji tó ya ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà. Ó ń pe Alhaji ní Bàbá Ẹ̀pẹ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ ju bó ṣe ń rẹ́rìn-ín nílé lọ. Nígbà tó bí ọmọ rẹ̀, Àyànfẹ́olúwa, ó ní kí Alhaji náà fún ọmọ lórúkọ, Alhaji sì pè é ní Yasir. Bàbá jókòó níbi ìsọmọlórúkọ náà bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Orúkọ yẹn kò jáde lẹ́nu wọn rí.

Díákónì ni Bàbá nínú ìjọ wọn. Àwọn ni wọ́n ń tún àtẹ̀gùn èbúté Ìpakòdò ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, títí wọn kò fi lágbára mọ́.

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀ ní ọdún 2025, Alhaji Bísíríyù wá kí wọn. Bàbá ní kó sún mọ́ ibùsùn.

“Bísíríyù, ìwọ lo gba ọmọ mi là. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí pé kì í ṣe èmi.”

Alhaji di ọwọ́ wọn mú. “Ẹ̀gbọ́n, èmi náà ń jowú yín. Bó ṣe ń wá sílé mi tó, ọ̀rọ̀ yín ló máa ń sọ. Ẹ̀yin lẹ bí i.”

Bàbá ní kó tún un sọ. Alhaji tún un sọ. Ìgbà náà ni Bàbá ké sí Màmá pé kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún àlejò.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Màmá Wùnmí. Fúnmbí, Bólúwatifẹ́ àti Bísọ́lá. Àwọn ọmọ-ọmọ, Àyànfẹ́olúwa Yasir lára wọn. Àti Alhaji Bísíríyù ti Ẹ̀pẹ́. Bàbá fúnra wọn ló ní kí orúkọ Alhaji wọ ibí yìí. Wọ́n sì ní kó gbẹ̀yìn.

Bàbá, ẹ sùn re. Kí ilẹ̀ Ìpakòdò rọ̀ yín lọ́rùn.