Bọ́tìnnì Ẹ̀gbẹ́ Òsì

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Àárò yín ń sọ mí. Ara mi le, òtútù nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu.

Ẹ ní ṣé kọ̀ǹpútà tí mo kọ́ ní yunifásítì ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kékeré tó wọ àtẹ́lẹwọ́ ni. Bí mo bá kọjú rẹ̀ sí páálí ẹrù, tí mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, á ka nọ́ńbà ara páálí náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ sẹ́tíǹsì, mo gbé iṣẹ́ yẹn fún bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọ̀gá mi ní mo mọ kọ̀ǹpútà lóòótọ́. Ó kàn rọ̀ mí lọ́rùn bẹ́ẹ̀ ni. Páálí ibí wúwo ju àpò ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ, ó sì máa ń já lu ọwọ́ èèyàn nígbà míì, àmọ́ ẹ má dààmú.

Ẹ sọ fún Lois àbúrò mi kó má tíì pè mí lórí fídíò. Nẹ́tíwọ̀kì ibí kò dáa.

Mo rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń fi ìborùn yín di ọwọ́ òsì mi nídìí oúnjẹ ní kékeré. Ẹ̀kọ́ yẹn ṣì wà lára mi. Bí mo bá gbé ṣíbí báyìí, ojú máa ń tì mí, màá kọ ẹ̀yìn sí àwọn tá a jọ ń jẹun.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará Ṣàpọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, mà. Òsì nìkan ni mo fi tẹ ìkíni yìí. Ẹ má bínú, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Dìran